Ọmọ tó mọ̀wé, tí àròkọ wá ń dà láàmú: níbo ni ìṣòro wà?

Ìyá Ìbejì, Pákátà

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ti dé láti fásitì fún ìsinmi, mo sì rò ó pé kí n gbé e síwájú ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá rí.

Láti kékeré ni gbogbo ilé ti mọ ọmọ yìí sí olórí pípé. Bí wọ́n bá sọ nǹkan fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti mú un nìyẹn. Nígbà tó ṣe WAEC, A ló gbà nínú iṣẹ́ méje, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn. Máàkì rẹ̀ nínú JAMB lé ní 300. Ìmọ̀ ìtàn ló ń kọ́ báyìí, ó wà ní ọdún kejì. Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ní kó kọ àròkọ, tí kì í ṣe pé kó dáhùn ìbéèrè kéékèèké, C tàbí D ló máa ń gbà, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó jẹ́ pé òun gan-an ló máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún, ń gba B.

Ó fi ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà hàn mí. Wọ́n bi wọ́n léèrè ipa tí ààlà tí ìjọba òyìnbó pa sáàárín Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn kó nínú ìṣèlú Ìlọrin títí di 1967. Ojú ewé mẹ́fà ló kọ, kò sì sí ohun tí kò sí níbẹ̀: bí iléeṣẹ́ Royal Niger Company ṣe fi ìbọn gba Ìlọrin ní 1897, bí ìlú ṣe bọ́ sábẹ́ ìjọba Àríwá ní 1900, bí ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ṣe borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní 1956, ìgbìmọ̀ Willink tí ìjọba òyìnbó ní kó gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ní 1958, títí dé orí ìdásílẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, Kwara, ní 1967. Èmi tí wọ́n bí sí Pákátà nílùú Ìlọrin gan-an rí ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn ti fi gègé pupa kọ ọ́ sí etí ìwé níbi mẹ́ta pé, "Kí ni èyí fi hàn?" Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ pé, "Òótọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn rẹ."

Ọmọ náà kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ tó fi hàn mí. Ó ní, "Àǹtí, kò sí irọ́ kan nínú ohun tí mo kọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́?" Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni n kò ní. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni kò tó ni? Ṣé olùkọ́ náà ló kórìíra rẹ̀? Àbí ohun kan wà nínú àròkọ kíkọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, tí gbogbo wa wá ń retí pé kó mọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ọ̀fà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn ni mo rò pé ó jẹ́ òótọ́, n kò sì ní fi pa mọ́ pé àwa tí a kọ́ wọn ní girama ní ìpín nínú ẹ̀bi náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pín máàkì àròkọ nínú WAEC. 50 ni gbogbo rẹ̀: 10 fún ohun tí ọmọ ní láti sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe ń lo èdè, 10 fún sípẹ́lì, àmì ìdánudúró àti àṣìṣe gírámà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 30 nínú 50 ló jẹ́ ti èdè. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá já gaara lè gba A láìjẹ́ pé ó gbé èrò kan dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò dára. Èdè ni wọ́n fẹ́ dán wò, òun náà ni wọ́n sì dán wò. Àwa ni a rí A yẹn tí a rò pé ọmọ ti mọ àròkọ kọ.

Bí a ṣe kọ́ wọn sì tún dá kún un. Kò sí ẹni tó ṣe girama nílẹ̀ yìí tí kò mọ "Alága, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi." Ọmọ á ka kókó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, á ní òun lérò pé pẹ̀lú ìwọ̀nba kókó òun wọ̀nyí òun ti yí yín lọ́kàn padà, á sì jókòó, a ó pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ni kókó kejì ṣe ti inú ìkíní wá, tàbí pé bí ìkẹta bá jẹ́ òótọ́, ṣé kò ba ìkíní jẹ́. Láti ibẹ̀ ó lọ bá JAMB, níbi tí ìbéèrè 180 ti ń dúró dè é fún wákàtí méjì, tí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tó jẹ́ pé kó mú èyí tó tọ́ lára wọn ni tirẹ̀. Ẹni tó bá yára dé ibi ìdáhùn ni à ń yìn. Ọmọ yín yára, a sì yìn ín fún ọdún méjìlá.

Akẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìṣirò kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tó máa ń dìde lọ síwájú pátákó, tí á kọ ìdáhùn nìkan, láìsí ìlà kan lókè rẹ̀, ìdáhùn náà a sì tọ̀nà. Akẹgbẹ́ mi á mú dọ́sítà, á nù ún kúrò, á ní, "Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Mú mi dání lọ síbẹ̀." Inú bí ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí táàmù tó parí, ó ti ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Èmi tí kíláàsì mi kọjú sí tirẹ̀ kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí fún ọmọ tó ń kọ àròkọ, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Olùkọ́ Fásitì, Tankẹ

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Irú iṣẹ́ tí ọmọ Ìyá Ìbejì kọ yìí ni mo ń kà lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀: olùkọ́ yẹn kò kórìíra rẹ̀. Ẹni tó kórìíra akẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó kọ ìbéèrè kan náà sí etí ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Máàkì lásán ni irú wọn ń kọ, wọ́n á sì mú ìwé ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọdún tí ọmọ náà tò sílẹ̀ wò. 1897, 1900, 1956, 1958, 1967. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró gbọn-in bí òpó, ṣùgbọ́n kò sí àjà lórí wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló wà láàárín 1900 sí 1956. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí ààlà náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá gbóná láàárín ìlú? Ṣé ààlà ló bí Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ ni, àbí ìbínú àwọn mẹ̀kúnnù sí bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe wọ́n ló bí ẹgbẹ́ náà, tí Action Group tó ń ṣèjọba ní Ìbàdàn wá rí àyè láti gbé ọ̀rọ̀ ààlà gun orí rẹ̀? Ọmọ méjì tí orí wọn pé lè jiyàn lórí èyí láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì rí ẹ̀rí tọ́ka sí. Ibi tí iyàn yẹn wà ni àròkọ wà.

Ẹ wo 1958 náà. Àwọn kan bẹ ìgbìmọ̀ Willink pé kí wọ́n fi Ìlọrin àti Kàbà kún Ìwọ̀-Oòrùn, ìgbìmọ̀ náà kò sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n yí ààlà náà. Bí ó ṣe hàn nínú ohun tí Ìyá Ìbejì kọ, ọmọ wa sọ èyí, ó sì fò lọ bá 1967. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún ọdún náà, nígbà tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè yìí sí ìpínlẹ̀ méjìlá, kò fi Ìlọrin sábẹ́ Ìbàdàn, kò sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ Kàdúná mọ́. Ṣé ìdáhùn nìyẹn jẹ́ sí ẹ̀bẹ̀ àwọn ti 1958, àbí ó gba ọ̀nà mìíràn lọ pátápátá? Bí èmi bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: kí ni ìwọ rò, kí ló sì mú kí o rò bẹ́ẹ̀? Òun ni olùkọ́ rẹ̀ ń pè ní ohùn.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọ tó mọ̀wé gan-an ni èyí máa ń ṣe kò ṣòro láti rí bí a bá wò ó dáadáa. Nínú orí tirẹ̀, àwọn ọdún wọ̀nyẹn ti so mọ́ra wọn. Kíákíá ni ọpọlọ rẹ̀ ń so nǹkan pọ̀, kò tilẹ̀ rí ìsopọ̀ náà bí ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ jáde. Lójú rẹ̀, ó ti sọ ọ́. Linda Flower, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ṣiṣẹ́ lórí bí ènìyàn ṣe ń kọ̀wé, fi ìyàtọ̀ hàn ní 1979 láàárín ìwé tí ènìyàn kọ bí èrò ṣe ń wá sí i lọ́kàn àti ìwé tó tún tò nítorí ẹni tó máa kà á. Èyí àkọ́kọ́ ni ọmọ wa fi sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gba B, ẹ ní ọmọ wa ló máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún un. Ní ẹsẹ-ẹsẹ ló sì máa ń ṣe é fún un, bí a ti í ṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tètè yé. Ọ̀rẹ́ náà mọ ibi tí ọ̀nà ti dí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti dúró níbẹ̀ rí. Nígbà tó bá ń kọ̀wé, ó ń rántí láti la ibẹ̀ fún òǹkàwé. Ohun tí ọmọ wa ń ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹnu ni kó wá ṣe fún olùkọ́ rẹ̀ lórí ìwé.

Ìbẹ̀rù tún wà níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí a fojú kéré rẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti mọ ìwé í kà, wọ́n ń yìn ín nítorí pé kì í ṣìṣe. Kò sẹ́ni tó lè ta ko 1897. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé, "Èmi gbà pé báyìí ló rí," ẹnìkan lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tuntun gbáà ni èyí fún un, ó sì ń fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ọdún. Ọmọ tó ti ń gba ipò kẹẹ̀ẹ́dógún bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ìbẹ̀rù yìí. Wọ́n ti ní kò tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì wà láàyè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà wa ni kò fi iyàn jíjà kọ́ wa. Ẹ wo bí olórí ẹbí ṣe ń parí ìjà. Á kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹjọ́ sùn sọ títí onítọ̀hún á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Bàbá." Á yíjú sí èkejì, á tún tirẹ̀ náà sọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni á tó ní, "Ní tèmi o," tí á sì máa sọ ìdí kọ̀ọ̀kan. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àròkọ tí kò sọ ohun tí ẹni tó lòdì sí i máa wí, ẹjọ́ ẹnìkan ló dá.

Ohun tí mo máa ń ṣe ní ọ́fíìsì mi nìyí. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ pa ìwé rẹ̀ dé, kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi ní Yorùbá, kó ní "mo ní", kó ní "nítorí pé", kó sì ní "bó tilẹ̀ jẹ́ pé". Àwọn kan á jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó rí i sọ, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n jókòó. Bí gbólóhùn náà bá ti jáde, a ó wá gbé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: èyí tí kò bá ràn án lọ́wọ́, tí kò sì ta kò ó, kó yọ ọ́ kúrò, ì báà jẹ́ pé òótọ́ pọ́nńbélé ló wà níbẹ̀. Yíyọ yẹn ló máa ń dun ọmọ tó mọ̀wé jù lọ.

Ẹni Gàá-Àkàńbí

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, àkásórí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, láti ilé kéwú ni a sì ti ń gbé e bọ̀. Ọmọ á ka ohun tí kò yé e títí á fi mọ́ ọn lórí, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ka ìwé.

Ọmọ Alfa, Òkè-Màlé

Ẹ̀gbọ́n mi ti Gàá-Àkàńbí, n kò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni pé ọmọ kékeré á ka ohun tó wà lójú wàláà títí á fi wọ̀ ọ́ lórí, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó kọ òmíràn sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyẹn. Nígbà tí èmi dé orí tírà, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni mo máa kà ní Lárúbáwá níwájú mọ́lámù wa, n ó dúró, n ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, bàbá á sì ní, "Níbo lo ti rí ìyẹn nínú rẹ̀?" Bí n kò bá lè fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ náà wá, a kò ní kúrò lójú ìlà yẹn, ì báà di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo ka ìbéèrè tí olùkọ́ fi gègé pupa kọ, ohùn bàbá wa ni mo gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kúrò ní ìdí wàláà láìdé ibi tí ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí a ti dá wọn lẹ́bi, tàbí kí a dá àwa tí a mú wọn kúrò lẹ́bi.

Ọmọ Ìgbómìnà, Ọ̀mù-Àrán

Ẹ jẹ́ kí èmi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí náà sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni mo kọ́, mo sì rò pé àròkọ kò kàn mí mọ́ títí mo fi dé orí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni olùdarí mi dá orí kejì padà. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, mo lè dìde sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, á dà bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ló kọ ọ́.

Níbi kan ni mo ti fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Olùkọ́ Fásitì. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú èdè kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá, èmi kò sì rò pé ó yẹ kó kúrò. Gẹ̀ẹ́sì mi kò burú, ṣùgbọ́n "ṣùgbọ́n" àti "nítorí náà" ti Gẹ̀ẹ́sì, bí iyọ̀ ni mo ṣe ń wọ́n wọn sórí ìwé. Mo máa ń kọ "nítorí náà" níbi tí ohun tó tẹ̀ lé e kò ti inú ohun tó ṣáájú wá rárá. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá láé, etí mi á kọ̀ ọ́. Èdè tí ènìyàn kọ́ nínú ìwé kì í tètè pariwo bí a bá ṣì í lò, nítorí náà àlàfo inú èrò a máa sá pamọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dùn.

Ẹni tó yọ mí ni àbúrò mi obìnrin, télọ̀ ni, níwájú máṣíìnì rẹ̀. Mo ń ka ìpínrọ̀ kan fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń lọ, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀. Ní ìlà kẹta, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó ní, "Dúró ná. O ní omi kànga ibẹ̀ kò dára. O tún ní àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣàìsàn. Èwo ni kí n mú?" Mo mọ ohun tó wà láàárín méjèèjì: wọ́n máa ń sè é kí wọ́n tó mu ún. N kò kàn kọ ọ́ ni. Oṣù márùn-ún ni mo ti fi ń ka ìpínrọ̀ yẹn tí n kò rí i.

Ìyá Ìbejì, Pákátà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọmọ náà létí lánàá lẹ́yìn Ìṣáà. Kò sọ nǹkan kan títí mo fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù wà. Níbẹ̀ ló ti ní kí n tún un kà.

A gbìyànjú gbólóhùn ti "mo ní" yẹn. Ó pẹ́ díẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ sọ gùn, ọdún mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, mo sì ní kó tún un sọ. Nígbà tó yá, ó ní: "Mo ní ààlà náà kò tó láti dá ìjà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn tálákà tó fi ìbínú wọn sí ìjọba ìbílẹ̀ gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí ààlà náà, Action Group kì bá tí rí ohun tí wọ́n máa fi ràn wọ́n lọ́wọ́." Bàbá àwọn ìbejì tó ti dùbúlẹ̀ dìde jókòó, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní bàbá òun àgbà sọ fún òun pé àwọn ènìyàn ti ń ráhùn nípa ààlà tipẹ́tipẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan tó dé. Ojú ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àwọn wo ló ń ráhùn? Àwọn ìjòyè ni, àbí àwọn mẹ̀kúnnù?" Wọ́n wà lórí rẹ̀ títí iná fi lọ, wọ́n sì tan làǹtánì.

Láàárọ̀ yìí mo bá ìwé mẹ́fà yẹn lórí tábìlì. Ó ti fi gègé fa ìlà gba àárín ìpínrọ̀ ti 1897 kọjá, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó ní òun fẹ́ tún un kọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fún òun ní máàkì. Olùkọ́ Fásitì, ẹ jọ̀wọ́, ṣé olùkọ́ wọn á gbà láti kà á? Ojú ń tì í láti lọ kan ilẹ̀kùn.

Olùkọ́ Fásitì, Tankẹ

Kó lọ. Kó mú ti àtijọ́ àti tuntun dání, kó má bẹ̀bẹ̀ fún máàkì, kó kàn sọ pé, "Sà, mo ti rí ohun tí ẹ bi mí." Kó sì mú ìbéèrè tó bi bàbá àwọn ìbejì yẹn dání pẹ̀lú, nítorí pé èmi náà ṣì ń rò ó.